ṢÁPÓ KÌ Í ṢE IGI KAN ṢOṢO
Bí a ti í mọ ìyàtọ̀ láàrin igi egbòogi méjì tí ó jọra ní agbègbè Énúgù

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń gbé ní ìlú Énúgù, tí ó sì ń wá èèpo ṣápó láti fi se àgbo, ìdí lékuléjà ni yóò gbà lọ ní ọjà Ògbete. Bí ó bá dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ ni yóò kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́. Mpoto àti okpokolo ni orúkọ tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn Igbo. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè nìkan ni ó fa ìdàrúdàpọ̀ náà. Ṣápó tí Yorùbá gan-an ń pè, ó ju igi kan lọ.

Méjì nínú wọn ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko fún wọn ni Anthocleista vogelii àti Anthocleista djalonensis. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń lo méjèèjì fún ibà, inú rírun àti àrùn ara, oògùn ìyàgbẹ́ líle sì ni wọ́n pẹ̀lú. Níbi tí ewu wà nìyí. Ẹni tí ó ti mọ ìwọ̀n tí ara rẹ̀ gbà lára ọ̀kan, tí wọ́n wá ta èkejì fún, kò mọ ohun tí ó ń mu mọ́.

Ẹ̀rí kìíní tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò ni ẹ̀gún. Wọn a ní ṣápó tòótọ́ ni èyí tí ó ní ẹ̀gún lára ẹ̀ka. Ẹ̀rí yìí kò múlẹ̀ rárá, nítorí pé igi méjèèjì ni ó ní ẹ̀gún, méjì méjì ni wọ́n sì sábà máa ń yọ. Òdòdó wọn kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí fún ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀, nítorí pé funfun tàbí funfun ràkọ̀ràkọ̀ ni ti àwọn méjèèjì. Bí ewé ti tóbi tó kò sì lè yanjú ọ̀rọ̀: bí igi bá ṣì kéré, ewé rẹ̀ lè gùn ju mítà kan lọ.

Ìdí ewé ni kí ènìyàn wò. Ewé djalonensis ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó so ó mọ́ ẹ̀ka, bí èyí tí ó wà lára ewé ìbẹ́pẹ, ṣùgbọ́n tí kò gùn tó o rárá. Ewé vogelii kò ní irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ó jókòó lórí ẹ̀ka gan-an, ìdí rẹ̀ sì yọ jáde sí ọ̀tún àti òsì bí etí méjì.

Ẹ̀rí kejì ni ilẹ̀. Vogelii fẹ́ràn omi; etí odò àti ilẹ̀ àbàtà nínú igbó ni ó ń wù, ó sì lè ga tó ogún mítà. Djalonensis kò ju mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ilẹ̀ gbígbẹ ní ọ̀dàn ni tirẹ̀. Énúgù sì ní irú ilẹ̀ méjèèjì: odò Ekulu àti Asata ń ṣàn láàrin ìlú, bẹ́ẹ̀ ni òkè Milken àti àwọn òkè Údi dúró ní apá ìwọ̀-oòrùn. Àní, ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ní èdè Igbo ni orí òkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ òkè ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé rẹ̀ wà.

Orúkọ àwọn igi náà pàápàá ní ìtàn. Vogel ni onímọ̀ ewéko ará Jámánì tí ó bá ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gòkè odò Ọya ní ọdún 1841, ìrìn àjò kan náà tí Àjàyí Crowther bá wọn lọ. Ó kú ní Fernando Po kí ọdún náà tó parí. Djalonensis ní tirẹ̀ gba orúkọ láti òkè Fúta Jálọ̀n ní ilẹ̀ Gínì. Ní ọdún 1961, onímọ̀ ará Họ́láńdì kan, Leeuwenberg, tún gbogbo ìdílé Anthocleista yẹ̀ wò, ó sì to ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀.

Láti ọdún 1994 ni àwọn onímọ̀ ti ń kà wọ́n mọ́ ẹbí gentian, àwọn òdòdó kékeré aláwọ̀ aró tí ó ń hù lórí òkè Alps ní Yúróòpù. Ìyàlẹ́nu ni pé irú wàhálà kan náà ni ó wà níbẹ̀. Gentiana acaulis àti Gentiana clusii jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ní ilà àwọ̀ ewé nínú ọ̀fun òdòdó rẹ̀, kò sì fẹ́ ilẹ̀ òkúta ẹfun, nígbà tí èkejì kò ní ilà bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé orí òkúta ẹfun gan-an ni ó ń hù.

Ẹni tí ó lọ wo òdòdó lórí òkè Alps rí i lódindi. Ẹni tí ó wá ra èèpo igi ní Ògbete kò rí ewé, kò rí ìdí ewé, kò sì mọ̀ bóyá etí omi ni wọ́n ti bó o tàbí orí òkè. Bí èèpo bá ti gbẹ, tí wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, gbogbo ẹ̀rí tí a kà sílẹ̀ yìí ti lọ. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi máa ń gbé ẹ̀ka tí ewé wà lára rẹ̀ lọ sí ibi ìpamọ́ ewé gbígbẹ, bí èyí tí ó wà ní ilé ìwádìí nípa igbó ní Ìbàdàn, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lékuléjà kò nílò nọ́ńbà. Ohun tí oníbàárà lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó ń bá a bó èèpo so ẹ̀ka kékeré kan mọ́ ọn, kí ewé orí ẹ̀ka náà sì wà pẹ̀lú ìdí rẹ̀.