Ariwo Ni Àbí Orin? Ohun Tí Èèyàn Méje Sọ Nípa Àwo Kan Tó Wúwo Bí Òkúta

Mo mọ̀ pé ìdúró lẹ fi ń ka ìwé ìròyìn ara ògiri wa yìí, agogo ìparí ìsinmi kì í sì í pẹ́ lù, torí náà ẹ jẹ́ kí n tètè wọ inú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwo orin kan ni mo fẹ́ sọ. Orúkọ rẹ̀ ni Blues for the Red Sun. Ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Kyuss ló ṣe é ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1992, kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ SS2. Gìtá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, gìtá tó wúwo, tó ń bú ramúramù bíi kìnnìún. Àwo yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹnìkejì mi lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la ò fi bára wa sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ láti JSS1 la ti jọ ń jókòó, tí a jọ ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì nínú abọ́ kan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Bọ̀dá kan tó ń tún rédíò àti sípíkà ṣe ládùúgbò wa ló fún mi ní àwo náà lórí mẹ́mórì káàdì. Lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà ilé (ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ojú ọ̀nà ilé ni, kì í ṣe inú ọgbà ilé ìwé), mo yọ fóònù, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi gbọ́. Kò gbọ́ ọ tó ìṣẹ́jú kan tó fi sọ pé, "Gbé e kúrò létí mi jàre, ariwo lásán ni." Inú bí mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òun ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo sọ fún un pé gbogbo gìtá tó mọ̀ ọ́n ta kò ju kọ́ọ̀dù mẹ́ta lọ. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ojú àwọn ẹlòmíì ni mo sì ti sọ ọ́. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà nìyẹn.

Nígbà tí mo mú ọ̀rọ̀ àwo yìí wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ oníròyìn wa, àwọn kan ní kí n gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé orin àwọn amugbó ni. Tíṣà tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa ló dá sí i. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, àmọ́ kí n má kọ èrò tèmi nìkan. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni," ni wọ́n wí. "Lọ jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ, kí o kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ ọ."

Èèyàn méje ni mo bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àwo náà ṣe jẹ́.

ÀWỌN TÓ ṢE É

Palm Desert ni wọ́n ti wá, ìlú kan nínú aṣálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California. John Garcia ló ń kọrin, Josh Homme ló ń ta gìtá, Nick Oliveri ló ń ta béèsì, Brant Bjork ló ń lu ìlù. Homme àti Bjork kò ju ọmọ ọdún 19 lọ nígbà tí àwo náà jáde. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi jù mí lọ! Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti lè ṣeré kò pọ̀ lágbègbè wọn, torí náà wọ́n á kó ìlù, gìtá àti jẹnẹrétọ̀ lọ sínú aṣálẹ̀, wọ́n á tan án, wọ́n á sì máa ṣeré lóru níbi tí kò sí ògiri kankan tó lè dá ohùn padà. Bẹ́ẹ̀ ni o, jẹnẹrétọ̀. Ohun tí àwa ń bú nílé ni wọ́n fi ń ṣe fàájì. Orin kan tilẹ̀ wà nínú àwo náà tí wọ́n pè ní "Mondo Generator".

Orin 14 ló wà níbẹ̀. Àwọn kan kò ní ohùn èèyàn rárá, gìtá àti ìlù nìkan ni. "Freedom Run" gùn ju ìṣẹ́jú méje lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tó gbẹ̀yìn, "Yeah", kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tí ẹ bá sín, ó ti parí.

Nígbà tó jáde, kì í ṣe àwo tó tà wàràwàrà. Àmọ́ àwọn olórin bíi tiwọn tètè dá wọn mọ̀. Ní 1993, ẹgbẹ́ Metallica, tí òkìkí wọn ti kàn káyé, mú Kyuss dání lọ ṣeré ní Ọsirélíà. Lónìí, bí àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin bá ń ka àwọn àwo tó fi ìpìlẹ̀ irú orin yìí lélẹ̀, wọn kì í sábà fo èyí. Ẹ ò rí nǹkan? Àwo náà ò yí padà, àwọn tó ń gbọ́ ọ ló yí èrò padà.

Ọ̀RỌ̀ ORÚKỌ NÁÀ

Stoner rock ni wọ́n ń pe irú orin yìí. Mi ò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún yín: stoner ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe ẹni tó ń mu igbó. Orin náà sábà máa ń lọ́ra, ó wúwo, ó sì máa ń tún ohun kan náà pè títí bí ẹni tó ń lálàá. Àwọn ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe é sì máa ń kọrin nípa igbó lóòótọ́. Àmọ́ lẹ́yìn àwo yìí ni orúkọ náà tó wá tàn kálẹ̀, Josh Homme fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa kò fàyè gba igbó, èmi náà ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ tọ́ ọ wò. Nínú àwọn méje tí mo bá sọ̀rọ̀, ohun tó le jù tí ẹnikẹ́ni mu ni tíì.

OHUN TÍ WỌ́N SỌ

Màámi ni mo kọ́kọ́ bá. Télọ̀ ni wọ́n, jẹnẹrétọ̀ kì í sì í sinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n gbọ́ orin méjì, wọ́n ní, "Ṣé èyí tó ń dún lẹ́yìnkùlé látàárọ̀ kò tó ọ ni?" Wọ́n wá pòwe, "Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya." Mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tí wọ́n ní, "Dúró ná. Kí ló dé tí wọ́n fi ohùn ọmọkùnrin yẹn sísàlẹ̀? Ó dà bí ẹni tó ń pe èèyàn láti inú kànga." Ẹ̀yin èèyàn mi, oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbọ́ àwo yìí, mi ò fiyè sí i rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú jùjú àti fújì, ohùn olórin ló máa ń ṣíwájú. Níbí, gìtá ló ṣíwájú, ẹni tó ń kọrin ní láti fi gbogbo agbára kígbe kí á tó gbọ́ ọ.

Àǹtí mi tó wá kí wa lọ́jọ́ náà ní orin òyìnbó ni, kò kan àwa. Bàbá onílé wa ló dá wọn lóhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Baba ní nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́ l'Ékòó, gìtá ń bú ramúramù níbẹ̀ náà, pé ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ BLO: Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu. Mo lọ wá a wò, òótọ́ ni: àwo wọn tí wọ́n pè ní Chapter One jáde ní 1973, ó sì fi ọdún 19 ṣáájú ti Kyuss. Àmọ́ Baba ò gbè sẹ́yìn Kyuss o. Wọ́n ní, "Ti BLO, èèyàn lè jó sí i. Èyí, níbo ni kí n gbé ẹsẹ̀ sí?"

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní tirẹ̀, ó ní, "Ó dà bí ìgbà tí tírélà bá ń gun òkè." Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa tó báyẹn.

Tíṣà Físíìsì wa gba mẹ́mórì káàdì náà lọ sílé. Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, wọn ò sọ bóyá ó dùn tàbí kò dùn, bírò ni wọ́n mú. Okùn tó nípọn jù lára gìtá, bí wọ́n bá wọ́n ọn bó ṣe máa ń wà, máa ń gbọ̀n bí ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Homme máa ń dẹ okùn tirẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi ń gbọ̀n bí ìgbà 65 péré. Wọ́n ní kí n ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ SS2, ẹ ṣe é wò: bí a kò bá pààrọ̀ okùn, a ní láti dín ìfà rẹ̀ kù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bí okùn bá dẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í gbọ̀n kíákíá mọ́, ohùn rẹ̀ á sì lọ sísàlẹ̀. Homme tún máa ń so gìtá rẹ̀ mọ́ ampilifáyà tí wọ́n ṣe fún béèsì, èyí tó mọ ohùn ìsàlẹ̀ gbé dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi wúwo.

BỌ̀DÁ ONÍSÍPÍKÀ LÓ LA OJÚ MI

Bọ̀dá tó fún mi ní àwo náà ní àwọn kì í tilẹ̀ gbọ́ ọ fún fàájì. Àwọn fi ń dán wúfà wò ni. "Sípíkà tó bá gbé èyí láì fọ́, kò sí ìnáwó tí kò lè gbé."

Àwọn ló ṣàlàyé bí ohùn gìtá ṣe ń há bẹ́ẹ̀ fún mi. Ampilifáyà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí a bá ti ohùn sínú rẹ̀ kọjá ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé orí ohùn náà, ohùn á wá há, á máa ya. Bó bá ṣẹlẹ̀ níbi ìnáwó, gbogbo wa á máa pariwo pé kí wọ́n dín in kù. Àwọn onígìtá yìí, ńṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bọ̀dá ní kò yẹ kó yà wá lẹ́nu: ṣebí àwọn baba wa náà ló so ṣaworo mọ́ ìyá ìlù, kí ohùn awọ nìkan má baà dá dún?

Wọ́n wá bi mí pé, "Kí lo fi ń lù ú fún àwọn tó ò ń bi?" Mo ní fóònù ni. Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní sípíkà inú fóònù kéré bí èékánná, kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn jáde. Orí ohùn tó ti ya nìkan ló ń dé etí àwọn èèyàn, ara rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. "Egungun ẹja lo gbé fún ọ̀rẹ́ ẹ, o wá ń bínú pé kò ní ẹja dùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi ni mo bú ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ariwo ni mo fún un gbọ́ lóòótọ́.

ẸNI KEJE

Mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe orin yẹn ló dùn mí. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀dù mẹ́ta yẹn ni." Mo tún bẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá. Wọ́n so wúfà ńlá kan mọ́ ọn, wọ́n fi "Freedom Run" sí i. Omi inú ife tó wà lórí tábìlì ń gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi ò sọ̀rọ̀ títí orin fi tán. Nígbà tó tán, ó ní, "Kò tíì wù mí. Ó gùn jù, èèyàn ò sì lè bá wọn gbè é. Àmọ́ onílù yẹn mọ ìgbà tó yẹ kó rọra. Ẹ̀ka kékeré tí gìtá ń tún pè yẹn náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń yí i, mo rò pé ohun kan náà ni tẹ́lẹ̀."

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju kó sọ pé orin náà dára lọ.

OHUN TÍ MO RÍ KỌ́

Ohun kan náà la gbọ́, àmọ́ ohun tí etí kálukú ń wá ló yàtọ̀. Màámi ń wá ohùn èèyàn, Baba ń wá ijó, Bọ̀dá ń wá agbára sípíkà, ọ̀rẹ́ mi ń wá ibi tó lè gbè. Èmi ńkọ́? Kí n má purọ́ fún yín: ara ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn àwo náà ni pé kò sí ẹlòmíì ní kíláàsì wa tó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú orin rárá.

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ sọ èrò yín nípa orin èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ fújì, ìbáà jẹ́ orin ìyìn, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ gbọ́ nínú rẹ̀, kí ẹ tó sọ bóyá ó dára. Ẹ sì rántí ohun tí ẹ fi gbọ́ ọ. "Ariwo ni" kò tíì tó èrò. "O ò mọ orin" náà ò tó. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, èmi ni mo ń bá wí.

Mo ti lẹ pépà funfun kan sísàlẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwo náà, kó kọ ohun tó gbọ́ síbẹ̀, yálà ó dùn mọ́ ọn tàbí kò dùn mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń wá mi, mo wà ní SS2, bẹ́ǹṣì kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwa méjì la tún jọ wà níbẹ̀ báyìí.