Ẹ̀yin ará Wharf Road tó fẹ́ lọ gun omi Olúmirìn, ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó san owó bọ́ọ̀sì

Ẹni tó bá ti Ajégúnlẹ̀ jáde láàárọ̀, tó gba Boundary bọ́ sí Àpápá, tí tírélà wá há a mọ́ àárín ní Wharf Road, bó bá gbọ́ pé ibì kan wà tí kò sí fèrè ọkọ̀, tí kò sí èéfín, tó jẹ́ omi tútù nìkan ló ń dà wìì láti orí àpáta, ọkàn ẹ̀ á fà síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn alájọṣiṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ àtàwọn ẹlẹ́gbẹ́ ṣe máa ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Kò burú, ara tó ń ṣiṣẹ́ yẹ kó sinmi. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ń lọ ni ò mọ ohun tí wọ́n ń lọ bá.

Ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni omi Olúmirìn wà, téèyàn bá gba ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ìtàn ìlú sọ pé Akínlà, ọmọbìnrin kan nínú ìdílé Odùduwà, ló ṣàwárí ẹ̀ ní 1140. Àwọn mìíràn ní rárá o, ọdẹ ló kọ́kọ́ rí i. Èyí ó wù kó jẹ́, ìpele méje ni omi náà ní, ọ̀kan lórí èkejì, abúlé Abákẹ́ ló sì wà lókè pátápátá, lẹ́bàá ààlà Ẹ̀fọ̀n Aláayè ti ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Àwọn òyìnbó ní eré kan tó fara jọ èyí, canyoning ni wọ́n ń pè é. Ní ilẹ̀ Faransé, Sípéènì àti Switzerland, òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn, wọ́n á máa bá omi sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta méjì. Wọ́n á rìn, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á yọ̀ lórí àpáta bí ọmọdé, wọ́n á fò sínú ibú. Ibi tó bá ga jù, okùn ni wọ́n á fi sọ̀. Tiwa ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lásán la fi ń gùn ún. Síbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni méjèèjì.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É LỌ́HÙN-ÚN

Kí ẹni tí kò ṣe é rí tó dé etí omi, afinimọ̀nà á ti bi í pé ṣé ó lè lúwẹ̀ẹ́, ṣé kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ àsìmá. Wọ́n á fún un ní aṣọ rọ́bà tó nípọn nítorí òtútù, àṣíborí bíi tọlọ́kadà, àti bẹ́líìtì ńlá tí wọ́n á dè mọ́ ìbàdí àti itan ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù kò ní í bẹ̀rù ìyẹn, ó ti mọ okùn àti àṣíborí tẹ́lẹ̀.

Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń kọ́ni. Tó o bá ń fi okùn sọ̀, fẹ̀yìn sílẹ̀, ya ẹsẹ̀, má sì jẹ́ kí ọwọ́ tó di okùn mú tú láéláé. Tó o bá ń yọ̀, ẹ̀yìn ni kó o fi lélẹ̀, kí ẹsẹ̀ ṣíwájú, kó o ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ibi tí afinimọ̀nà kò bá tíì yẹ jíjìn ẹ̀ wò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò síbẹ̀. Wọn kì í sì í fipá mú èèyàn fò. Ẹni tí àyà ẹ̀ bá já, kó sọ ọ́, wọ́n á wá ọ̀nà mìíràn fún un.

TIWA NÍ OLÚMIRÌN

Ìpele kìíní rọrùn, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wẹ̀, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò. Láti ìpele kejì lọ, gbòǹgbò igi àti ìtí àpáta lèèyàn ń dì mú, ibẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ẹ má wọ sílípáàsì. Kánfáásì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní eyín ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo, ẹ di fóònù sínú ọ̀rá, ẹ fi góòlù sílẹ̀ sílé. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó gùn ún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bíà àti paraga dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tán. Kí kálukú sì rántí pé orúnkún tó rẹ̀ náà ló máa gbé e padà wá sílẹ̀, sísọ̀ sì le ju gígùn lọ.

ÒJÒ TÍ Ẹ Ò RÍ

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá, àmọ́ omi orí àpáta kò mọ ọ̀rẹ́. Ní July 27, 1999, àwọn tó ń ṣe canyoning wà nínú àfonífojì Saxetenbach, nítòsí Interlaken ní Switzerland. Òjò ńlá rọ̀ lókè, omi bá ya dé lójijì. Èèyàn mọ́kànlélógún (21) ló kú, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ afinimọ̀nà. Ní 2001, ilé ẹjọ́ dá èèyàn mẹ́fà lẹ́bi pé àìbìkítà wọn ló fa ikú náà.

Ará Ajégúnlẹ̀ mọ omi tó ń kún gọ́tà, tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, téèyàn á ráyè gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Omi òkè kì í fúnni láyè bẹ́ẹ̀. Oòrùn lè máa ràn lórí yín kí òjò máa rọ̀ níbi tí omi ti ń bọ̀. Bí omi tó mọ́ bá ṣàdédé di pupa, bí ewé àti igi bá ń wọ́ bọ̀, bí ìró ẹ̀ bá yí padà, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹ kúrò nínú omi kíá, kẹ́ ẹ gun ẹ̀gbẹ́ òkè.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dá owó fún ẹni tó ń ṣètò ìrìn àjò, ẹ bi í: ta ni afinimọ̀nà wa? Èèyàn mélòó ló máa mú lọ lẹ́ẹ̀kan? Ta ló lè lúwẹ̀ẹ́ nínú wa? Ṣé okùn àti àpótí oògùn wà? Tí òjò bá ṣú, ta ló máa sọ pé ká padà? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn èèyàn á ti jí lóru, wọ́n á ti san owó, wọ́n á ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò ní í wù wọ́n láti padà. Owó tí wọ́n ti san ló máa ń ti èèyàn wọ ewu. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o. Bí afinimọ̀nà bá ní ẹ padà, ẹ padà. Olúmirìn kò ní í sá lọ, ẹ lè dá owó mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.