Ta Ni Yóò Bá Ẹni Òrìṣà Pinnu?

Ní Èjìgbò, níbi tí Ògìyán ti jẹ́ oyè ọba tí ó sì tún jẹ́ orúkọ òrìṣà, ọ̀rọ̀ ẹni òrìṣà kò lè ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun ni Òrìṣà Ògìyán. Ọ̀wọ́ kan náà ni òun àti Ọbàtálá wà, ẹni tí Yorùbá gbà pé ó ń mọ ara ènìyàn. Nínú ìgbàgbọ́ yìí ni wọ́n ti ń pe abuké, arọ, àfín àti aràrá ní ẹni òrìṣà: bí Ọbàtálá ti fẹ́ ni ó ṣe wọ́n, ẹni tí ó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òrìṣà ni ó ń bú.

Orúkọ iyì ni, ṣùgbọ́n iyì náà ní ẹ̀yìn. Ẹni tí a bá ti sọ di ẹni ọ̀wọ̀ àti ẹni àánú pọ̀, kì í pẹ́ tí a kì í fi í bi í ní ìbéèrè mọ́. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo adití, afọ́jú àti ẹni tí òye rẹ̀ kò yára. Ẹbí á máa bọ́ ọ, wọn á máa wọ̀ ọ́ láṣọ, títí di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ pàtàkì yóò délẹ̀ tí ẹnìkan yóò sì wí pé, “Ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú, a ó bá a pinnu rẹ̀.”

Kí òǹkàwé fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ kékeré náà, “bá”. Bí ìyá bá ní kí ọmọ “bá mi jókòó”, àwọn méjèèjì ni yóò jókòó. Bí ó bá ní kí ó “bá mi ra iyọ̀ wá”, ọmọ nìkan ni yóò lọ sí ọjà. Àárín ìtumọ̀ méjèèjì yìí ni àgbàlagbà tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara há sí. Ohun tí ó tọ́ sí i ni kí wọ́n bá a pinnu bí ẹni tí ó bá ni jókòó. Ohun tí ó máa ń rí gbà ni kí wọ́n bá a pinnu bí ẹni tí ó bá ni ra iyọ̀.

Ìdí ogún àti ilẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti ń le jù. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún, ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Ní 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tí ó ti Èkó dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí ó yọ arọ tàbí adití sílẹ̀. Ìpín rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni kì í sí.

Ní Èjìgbò àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀, bí Ìlawó, Ọlá àti Masífà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní ọmọ ní Abidjan. Kí á wí pé mẹ́ta nínú ọmọ bàbá kan wà lọ́hùn-ún, tí ẹ̀kẹrin, tí ó jẹ́ adití, sì wà nílé tí ó ń ro oko bàbá wọn. Òun ni ó mọ igi tí ó jẹ́ ààlà, òun ni ó mọ ẹni tí ó ń jẹ ilẹ̀ náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Abidjan dé ní ìgbà ọdún, wọ́n ṣe ìpàdé ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ta ilẹ̀. Ní òwúrọ̀ wọ́n fún adití ní owó tirẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò dín. Wọ́n gbà pé àwọn ṣe dáadáa. Ẹni tí ó mọ ilẹ̀ náà jù ni wọn kò bi.

Àwọn kan á ní àṣà ni. Àṣà kọ́. Nígbà tí ènìyàn bá lọ dá Ifá, kì í sọ ẹdùn ọkàn rẹ̀ fún babaláwo. Owó ni ó ń sọ ọ́ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Babaláwo yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, yóò ki ẹsẹ kan tẹ̀lé òmíràn, ẹni tí ó wá dá Ifá ni yóò sì mú èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ìmọ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ babaláwo, yíyàn ń bẹ lọ́wọ́ oníbèéèrè. Ti orí tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ọbàtálá ni ó mọ ara, ṣùgbọ́n ilé Àjàlá ni olúkúlùkù ti yan orí tirẹ̀ kí ó tó wá sí ayé. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń pè é ní àkúnlẹ̀yàn. Kò sí ibi tí wọ́n ti wí pé Àjàlá lé arọ padà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè wá bá a yàn.

Gbígba ìrànlọ́wọ́ kò sì sọ ẹnikẹ́ni di aláìlọ́gbọ́n. Ọba kì í dá ìlú ṣe, àwọn ìjòyè ni ó ń bá a gbèrò, ẹnikẹ́ni kò sì tìtorí èyí wí pé orí ọba kò pé.

Òfin òde òní pàápàá ti ń bọ̀ síbẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 2010, sọ ní abala 12 pé agbára tí ẹlòmíràn ní lábẹ́ òfin ni aláàbọ̀ ara ní, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè ìrànlọ́wọ́ tí yóò fi lè lò ó. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 2022 ni ó là á yéni jù: abala 54 rẹ̀ gba afọ́jú láàyè láti mú olùrànlọ́wọ́ wọ ibùdó ìdìbò, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Kì í ṣe ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yàn fún un. Bí afọ́jú ará Èjìgbò bá lè yan gómìnà báyìí, ó ṣòro láti mọ ìdí tí kò fi ní lè sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ewu kan wà nínú rẹ̀: olùrànlọ́wọ́ lè di jegúdújẹrá. Òfin tí ó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ti rí èyí tipẹ́: akọ̀wé tí ó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Ẹni tí yóò túmọ̀ fún adití ní ìpàdé ẹbí náà yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kí ó má sì jẹ́ ẹni tí yóò jẹ nínú owó ilẹ̀. Wọ́n á ní, bí adití bá wá ṣi ìpinnu ṣe ńkọ́? Ó lè ṣì í. Àwọn tí etí wọn dá ṣáṣá ti ta ilẹ̀ rí, wọ́n sì kábàámọ̀, ẹnikẹ́ni kò tìtorí rẹ̀ gba ohùn wọn.

Nínú ẹbí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, iṣẹ́ tí ó kù kò pọ̀. Kí ìpàdé kúrò ní alẹ́, nítorí ojú ni adití fi ń gbọ́ràn. Kí gbogbo wọn dé orí ilẹ̀ náà, kí ó fi ààlà hàn wọ́n. Kí ó yan ẹni tí yóò túmọ̀ fún un, bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ro oko. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á ní sùúrù di ọjọ́ ọjà mìíràn, kí wọ́n tún bi adití lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹnikẹ́ni tó fi ìka tẹ ìwé.