Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Àbúrò Mi Ṣe Yan Yunifásítì

Ní ọ̀sẹ̀ tí èsì ìdánwò JAMB jáde, ilé wa ní Ìkirè pín sí méjì. Àbúrò mi obìnrin, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama, gba máàkì 248 nínú 400. Máàkì náà dára, ṣùgbọ́n òun gan-an ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ká ní ó kéré jù ni, kò ní sí ohun tí a ó máa jiyàn lé lórí. Ká ní ó ga dé 320 ni, gbogbo wa ì bá kàn máa yọ̀ ni. Èyí tó wà láàárín yìí ni kò jẹ́ kí a sùn.

Nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló fi ṣe àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì yàn. Ọ̀rọ̀ náà ya èmi lẹ́nu, nítorí mo ti rò pé ẹsẹ̀ ilé ni yóò yàn. Nígbà tí wọ́n dá UNIOSUN, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, sílẹ̀ lọ́dún 2006, ìlú mẹ́fà ni wọ́n pín in sí: Òṣogbo, Òkukù, Èjìgbò, Ìfẹ́tẹ̀dó, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ìkirè tiwa. Ẹ̀kọ́ nípa èdè, ìtàn àti àṣà ló bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ọmọ yìí fẹ́ kọ́ wà nítòsí ilé, ọ̀kadà kan péré ló máa gbé e dé ibẹ̀.

Mo ní ìdí tèmi tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, yunifásítì ńlá kan ni mo yàn, ìmọ̀ òfin ni mo sì fẹ́ kà. Máàkì mẹ́ta ni mo fi pàdánù rẹ̀. Mo jókòó, mo ń retí pé orúkọ mi yóò wà nínú ìwé kejì, lẹ́yìn náà nínú ìwé kẹta. Nígbà tí mo fi máa gbọ́n pé kí n wá ibòmíràn lọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù ti ti ìlẹ̀kùn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń fi àwòrán ọjọ́ ìgbàwọlé wọn ránṣẹ́ sí mi. Mo padà rí ibi tí mo kàwé sí, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí àbúrò mi lo irú ọdún bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi mú un lọ sí Àpòmù lọ́jọ́ Sátidé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Àpòmù sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn kò bá wa wí, wọn kò sì gbà wá nímọ̀ràn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ìwé àti bírò ni wọ́n ní kí ọmọ náà mú wá.

"Pín 248 sí ọ̀nà mẹ́jọ."

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, sà."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Ní Ifẹ̀, máàkì JAMB kó 50 nínú 100, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe kó 40, èsì WAEC sì kó 10. Ní Ìbàdàn, ààbọ̀ ààbọ̀ ni JAMB àti ìdánwò yunifásítì. Tí ọmọ wa bá gba 24 nínú 40 ní Ifẹ̀, tí WAEC sì fún un ní 7, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 62. Ọ̀ṣun tún wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí Ifẹ̀ máa ń fún ọmọ wọn ní àyè díẹ̀ sí i.

"Ṣé 62 á tó, sà?" Bẹ́ẹ̀ ni mo béèrè.

"Ẹnikẹ́ni kò lè búra. Iye tí wọ́n ń béèrè ń yí lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iye tó ń lé, á mọ bó ṣe máa sáré."

A wá kan ọ̀rọ̀ owó. Owó ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ kéré sí ti ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ sí Ifẹ̀ yóò san owó ilé, yóò dáná, yóò sì máa wọkọ̀. Ẹni tó bá dúró ní Ìkirè kò ní san owó ilé. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹrin ọdún 2024 náà ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́: kò ní èlé, tààrà ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún ilé ìwé, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú kí ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. A kò sì gbàgbé ìyanṣẹ́lódì. Lọ́dún 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. UNIOSUN kò bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Bí mo ti ń gbọ́ gbogbo èyí, ọkàn mi túbọ̀ ń fà sí Ìkirè. Mo gbà pé Màámi ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sí ìyá tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wà nítòsí.

Ìrọ̀lẹ́ la bá wọn nídìí agbada, níbi tí wọ́n ti ń dín dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n ń fi ata, iyọ̀ àti epo pupa sọ di ohun tí àwọn èrò ọkọ̀ ń sáré rà. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ wa títí dé òpin. Wọ́n wá kọjú sí àbúrò mi.

"Tí o bá ń ti ilé yìí lọ sí yunifásítì, dòdò ni wàá máa dín. N kò ní fẹ́ pè ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí, màá pè ọ́. Ìwọ náà kò sì ní lè sọ pé o kò wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi ṣe é fún ọdún kan, mo rí i pé kò ṣí ìwé kankan. Máa lọ sí Ifẹ̀, bí wọ́n bá gbà ọ́."

Èmi ni n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. N kò mọ̀ pé wọ́n ń wò mí ní gbogbo ọdún yẹn.

Àbúrò mi ló fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà àbáyọ. JAMB gbà kí ènìyàn san owó láti pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó yàn, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì ti ètò náà. Nítorí náà, kò yọ Ifẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ó kọ nǹkan mẹ́ta sára ògiri lókè ibùsùn rẹ̀: ọjọ́ ìdánwò Ifẹ̀, ọjọ́ tí UNIOSUN yóò pa ìforúkọsílẹ̀ dé, àti 62. Bí èsì rẹ̀ bá já sísàlẹ̀ iye yẹn, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni yóò yí sí Ìkirè, láìdúró de ìwé kejì tàbí ìkẹta. Màámi sì ti gbà pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, yàrá kan nítòsí ilé ìwé ni a ó gbà fún un.

Nígbà tí a sọ fún Bàbá Àpòmù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rán wa létí pé láyé àtijọ́, inú ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, kálukú sì ní ọ̀nà tó gbà wọ̀ ọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé sínú fọ́ọ̀mù lọ́dún yìí, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ má tìtorí ìbẹ̀rù pa ilé ìwé tí ọkàn yín fẹ́ tì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tí ẹ ń lé, kí ẹ sì mọ ọjọ́ tí ẹ ó yí ẹsẹ̀ padà. Èyí tí n kò mọ̀ nìyẹn nígbà tèmi.

Bí mo ti ń kọ èyí, WAEC ló kù tó ń kọ lọ́wọ́. Èmi ni mo ń bá Màámi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ọmọ náà lè ráyè kàwé.