Òkè Lẹ̀ Ń Wò, Ẹ Ò Wo Ìsàlẹ̀: Kọ̀ǹpútà Ilé àti Ìṣòro Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì

Gbogbo wa la mọ òwe amúkùn-ún. Wọ́n ní ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe rí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Narayi. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá ṣí, kíá, ará ilé á ti ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò dáa. Wọ́n á ra dátà míì, wọ́n á pààrọ̀ síìmù, owó á lọ, ìṣòro á sì jókòó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, ó lè jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ kan tó rí bí owó kọ́ìnì ló kú nínú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME ti JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di máòsì mú, àyà rẹ̀ á ti já kó tó ka ìbéèrè kìíní. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nílé nígbà ọlidé lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré lọ́rùn òbí. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú àpilẹ̀kọ yìí: kí ẹ mọ ibi tí àléébù wà kí ẹ tó náwó, kí ẹ sì máa wá a láti ibi tó sún mọ́ yín lọ sí ibi tó jìnnà.

Kí ló wà nínú àpótí náà?

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá là ń pè é ní Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ò ní bá àṣá kankan níbẹ̀. Nǹkan márùn-ún ló ṣe pàtàkì jù. Processor ni ọpọlọ, òun ló ń ṣírò. Motherboard ni pátákó tí gbogbo wọn jókòó lé, ara rẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ wà. RAM dà bí orí tábìlì yín ní àkókò prep: ìwé tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀. SSD tàbí hard disk dà bí lọ́kà yín: ibẹ̀ ni ìwé ń gbé. Tí iná bá kú lójijì, ohun tó wà lórí tábìlì ti lọ nìyẹn, èyí tó wà nínú lọ́kà ṣì wà. Ẹ̀karùn-ún ni power supply. Òun ló ń gba iná 230 volt lọ́wọ́ NEPA, tó ń sọ ọ́ di 12 volt, 5 volt àti 3.3 volt tí àwọn yòókù lè lò.

Kò sí èyí tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ibi tí owó ti máa ń ṣòfò jù ni kí èèyàn ra ohun tó dáa, ṣùgbọ́n tí kò bá èyí tó wà nílẹ̀ mu. Ẹ wo RAM. DDR3 ní ẹsẹ̀ wúrà 240, DDR4 ní 288. DDR5 náà ní 288, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ti DDR4. Ọ̀kan ò lè wọ ihò èkejì. Ẹni tó bá fi agbára tì í, ó fẹ́ ṣẹ́ ẹ nìyẹn. Ti processor tún lè tan èèyàn jẹ. Ìran kẹfà sí ìkẹsàn-án ti Intel ló ń jókòó sí ihò tí wọ́n ń pè ní LGA1151. Síbẹ̀, motherboard tí wọ́n ṣe fún ìran kẹfà àti ìkeje kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìran kẹjọ. Ó wọ ihò o, àmọ́ kò ní tan.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọ kèké lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù Ahmadu Bello Way, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà náà, ẹ ka orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára motherboard, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn ló máa bá ẹni tó ń tajà sọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ Tòkunbọ̀ tó ń rìn bí ìgbín lẹ ní nílé, tó ṣì ń lo hard disk tó ń yí, ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó ro ohun míì. Nínú gbogbo àtúnṣe tí èèyàn lè ṣe sí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, òun lojú máa tètè rí.

Títò ó pọ̀

Àwọn kan rò pé idán ni. Kì í ṣe idán. Florence Seriki, tó dá iléeṣẹ́ Omatek sílẹ̀ ní Èkó, to kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ṣaláìsí ní 2017. Ní 2001, iléeṣẹ́ Zinox ti Leo Stan Ekeh náà gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò ní Nàìjíríà jáde. Súkúrúdíráfà kan, ìmọ́lẹ̀ tó dáa àti sùúrù ló ṣe kókó.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwa tá a wà ní Kàdúná. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́: èèyàn á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn irin, iná á ta á lọ́wọ́. Iná kékeré yẹn kò lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè pa RAM tàbí motherboard láì jẹ́ pé ẹ rí i. Kí ẹ má ṣe tò ó lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ fọwọ́ kan irin tí kò lọ́dà lára àpótí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó mú ohunkóhun, kí ẹ sì máa fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè. Etí ni kí ẹ ti máa di pátákó mú, ẹ má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wúrà. Bí ọyẹ́ bá kọjá, ẹ yọ okùn iná, kí ẹ fi búrọ́ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò lára fáànù. Eruku ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná, tí á sì máa kú fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá ń tò ó, ẹ kọ́kọ́ fi processor sípò, kí ẹ fi òróró tó ń gbé ooru lé e lórí, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó. Lẹ́yìn náà ni fáànù rẹ̀, kó wá kan RAM. Ẹ so okùn iná méjèèjì mọ́ motherboard: èyí tó tóbi, tó ní ihò 24, àti kékeré tó wà nítòsí processor. Kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Fáànù á yí, iná á tàn, àwòrán ò ní jáde. Ẹ tan án báyìí ná, kí ẹ tó fi súkúrù de gbogbo ẹ̀ sínú àpótí. Bí àwòrán bá jáde, ẹ máa fi àwọn yòókù kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọ̀ lẹ́yìn tí ẹ fi nǹkan kan kún un, nǹkan yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè.

Ẹ wo ẹ̀yìn power supply náà, pàápàá tó bá jẹ́ Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Àwọn àtijọ́ kan ní swíìsì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Tó bá wà lórí 115 tí ẹ kì í bọ iná wa, ariwo kan lẹ máa gbọ́, èéfín á tẹ̀ lé e. 230 ni tiwa. Bí ilé bá sì lágbára, ẹ ra UPS. Kì í ṣe pé yóò gbé kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ á fi ṣú o. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí èèyàn fi lè tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ kó sì pa ẹ̀rọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ló wà fún. Ẹ rántí pé 650VA kì í ṣe 650 watt, watt rẹ̀ máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá ṣí

Ibi tí òwe amúkùn-ún ti wúlò jù rèé. Ọ̀rọ̀ tó ń ti kọ̀ǹpútà yín lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì ń gba ibùdókọ̀ mélòó kan kọjá: láti kọ̀ǹpútà dé ráútà, láti ráútà dé òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, láti òpó bọ́ sí ìta ayé. Ẹ tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìkíní, ẹ wo ọjọ́ àti aago lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí motherboard, CR2032 lorúkọ rẹ̀, 3 volt ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka aago nígbà tí kò bá sí iná. Nínú Tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, ó ti lè kú, nítorí náà gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná, kọ̀ǹpútà á padà sí ọjọ́ kan ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Báwo lèyí ṣe kan íntánẹ́ẹ̀tì? Ojú ewé tó ní ààbò máa ń fi ìwé ẹ̀rí han kọ̀ǹpútà yín, ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sì wà lára rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá rò pé ọdún 2009 la wà, á ní ìwé ẹ̀rí yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀, á sì kọ̀ láti ṣí i. Wi-Fi ń tàn, dátà wà, fóònù ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà nìkan ló ń kọ̀. Ẹ tún aago ṣe, kí ẹ pààrọ̀ bátìrì. Ó parí.

Ìkejì, ṣé kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ ráútà? Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig. Ẹ máa rí àdírẹ́sì, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Bó bá jẹ́ 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀, ráútà kò fún un ní àdírẹ́sì, òun ló fún ara rẹ̀. Ẹ pa ráútà, ẹ tan án padà, ẹ yọ wáyà kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ tún páásìwọ́ọ̀dù Wi-Fi tẹ̀. Bí àdírẹ́sì bá dáa, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú Default Gateway. Ráútà nìyẹn. Ẹ tẹ ping àti nọ́ńbà náà. Bó bá dáhùn, ẹ ti dé ibùdókọ̀ kìíní.

Ìkẹta, ṣé ráútà dé ìta? Ẹ tẹ ping 8.8.8.8. Bó bá dáhùn, tí ojú ewé kò sì ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ DNS, ìyẹn ìwé tó ń sọ orúkọ ojú ewé di nọ́ńbà. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo bóyá dátà ti tán. Wi-Fi ò ní kú torí pé dátà tán. Ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ ni, títì ló dí.

Ìkẹrin, ṣé ibi tí ráútà wà dáa? Ráútà tó ń lo síìmù ń fẹ́ fèrèsé àti ibi gíga, kì í ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Inú ilé ńkọ́? Bí ráútà bá ní ọ̀nà Wi-Fi méjì, 5 GHz yára jù, ṣùgbọ́n ògiri bíríkì máa ń tètè dá a dúró. 2.4 GHz kò yára tó o, àmọ́ á dé yàrá ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ráútà. Wáyà Cat5e lè gbé e dé 100 mítà, ògiri ò sì kàn án.

Ìkarùn-ún, bí gbogbo ìyẹn bá dáa, ẹ wá lè wo òkè wàyí. Àwọn ìgbà kan wà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní Narayi lè ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan, báńkì àti íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn kan náà, iná kú ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá, Kàdúná pẹ̀lú, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ bi aládùúgbò tó ń lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì míì. Bó bá ń ṣe tirẹ̀ náà, ẹ pa owó yín mọ́, ẹ lọ kàwé.

Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ju ọgbọ́n díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá délé lọ́lidé yìí, ẹ kọ orúkọ motherboard àti irú RAM tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé yín sínú ìwé kan, kí ẹ kọ ìgbésẹ̀ márùn-ún yìí sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ráútà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti padà sí ilé ìwé, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì kọ̀, màmá tàbí àbúrò yín á lè wo ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó sáré lọ ra síìmù. Kí Ọlọ́run mú wa délé láyọ̀ o. Ó dìgbà kan ná.