Odi ni róbọ́ọ̀tì tí kò lóhùn: Ẹ̀kọ́ ńlá tí ẹ̀rọ kékeré ń kọ́ni l'Ábíjàn

Bí a bá dárúkọ Àbíjàn fún ọmọ Èjìgbò, ọjà ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, nítorí láti ayé àwọn Faransé amúnisìn ni àwọn ènìyàn ìlú náà ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Ṣùgbọ́n ní Abobo, àdúgbò ńlá kan ní ìhà àríwá Àbíjàn, iṣẹ́ mìíràn wà tí ó yẹ kí etí Yorùbá gbọ́. Ní ọdún 2014 ni Guiako Obin dá ibi ìkọ́ṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ BabyLab sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà àti bí a ti ń fi ọwọ́ ara ẹni ṣe ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́ta péré ni ó tíì pé nígbà náà tí ìbọn dákẹ́ nínú ogun tí ìdìbò ọdún 2010 dá sílẹ̀, Abobo sì wà lára ibi tí ogun náà ti gbóná jù lọ.

Níbi gbogbo lágbàáyé tí wọ́n ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí, ọ̀kan nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní ohùn. Arduino, pátákó kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Ivrea, ní Ítálì, ní ọdún 2005, ni ọ̀pọ̀ ń lò gẹ́gẹ́ bí ọpọlọ róbọ́ọ̀tì. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó lè pàṣẹ kí táyà yí, ó lè tan iná, ṣùgbọ́n odi ni títí a ó fi so buzzer tàbí sípíkà mọ́ ọn.

Oríṣi buzzer méjì ni ó wà, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan dà bí agogo: bí iná bá ti kàn án, ó ti ń han nìyẹn, ohùn kan ṣoṣo ni ó sì ní. Èkejì dà bí gángan. Bí a bá fún un ní iná lásán, yóò dún 'kọ́' lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dákẹ́. Àfi kí pátákó náà máa tan iná sí i, kí ó sì máa pa á, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 262, ohùn yóò wà nísàlẹ̀. Bí ó bá di ìgbà 440, ohùn yóò gòkè, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí onílù bá fún ọṣán gángan mọ́ abíyá.

Wàláà tín-ín-rín kan ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó ń tẹ̀ nígbà tí iná bá kàn án, tí ó sì ń padà sípò nígbà tí iná bá kúrò. Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jacques, ni wọ́n ṣàwárí ní ọdún 1880 pé àwọn òkúta kan máa ń mú iná jáde bí a bá tẹ̀ wọ́n. Ní ọdún 1881, wọ́n fi hàn pé iná náà lè tẹ òkúta. Wáyà méjì péré ni iṣẹ́ rẹ̀: ọ̀kan lọ sí ojú ihò tí àṣẹ ń gbà jáde lára pátákó, èkejì lọ sí ihò tí a kọ GND sí.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni ti sípíkà. Púpọ̀ nínú sípíkà kékeré inú rédíò jẹ́ 8 óòmù. Bí a bá so ó tààrà mọ́ pátákó olófóòtì 5, yóò fẹ́ fa iná tí ó tó mílíáǹpù 625. Bẹ́ẹ̀ sì ni, mílíáǹpù 20 ni ó yẹ kí ojú ihò kan lára Arduino Uno gbé, 40 sì ni òpin rẹ̀. Ẹrù àgbàlagbà ni a gbé ka ọmọdé lórí yẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ariwo púpọ̀ lè fi resistor 330 óòmù sáàárín wọn. Iná yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíáǹpù 15, ohùn yóò kéré, ṣùgbọ́n pátákó kò ní jóná.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó dún kíkankíkan gbọ́dọ̀ lo transistor. Ọba kì í fi ẹnu ara rẹ̀ kígbe káàkiri ìlú. Akéde ni ó ń rán. Pátákó yóò rọra sọ̀rọ̀ sí transistor, láti inú resistor bíi 1,000 óòmù, transistor yóò sì fi agbára bátìrì kígbe. Kí a rí i pé transistor àti sípíkà náà lè gba iná bátìrì ọ̀hún, kí a sì so ẹsẹ̀ òdì bátìrì mọ́ GND pátákó. Bí a kò bá ṣe èyí, akéde kò ní gbọ́ ohun tí ọba wí.

Kí ẹnikẹ́ni má pe èyí ní eré ọmọdé. Ní Grand-Bassam, ìlú etí òkun tí kò jìnnà sí Àbíjàn, ni ilé iṣẹ́ Cerco, tí Alain Capo-Chichi, ọmọ Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, dá sílẹ̀, ti ń to fóònù kan tí wọ́n pè ní Superphone, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022. Nǹkan bíi 60,000 CFA ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi ẹnu pàṣẹ fún un ní èdè Baoulé, Bété, Dioula àti àwọn èdè mìíràn. Ẹni tí kò lè kàwé, etí rẹ̀ kò di.

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwa Yorùbá gan-an, nítorí ohùn ni a fi ń mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà, àwọn baba wa sì ti ń fi ìlù sọ̀rọ̀ tipẹ́. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọgbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Buzzer tí ó dà bí gángan lè gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n lò, ní Àbíjàn tàbí ní Òṣogbo, lè ṣe ẹ̀rọ tí yóò ké sí ìyá rẹ̀ pé omi ti kún tàǹkì, láìjẹ́ pé ìyá ka ohunkóhun.

Nítorí náà, òbí tí ó bá bá ọmọ nídìí rédíò tí ó ti bàjẹ́, tí ó ń yọ sípíkà inú rẹ̀, kí ó má ṣe sáré mú pàṣán. Kí ó kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó fẹ́ kí sípíkà náà sọ.