Nígbà tí Fóònù àti Kọ̀ǹpútà Kò Bá Gbọ́ Ara Wọn

Lójú ewé yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí olùkọ́ kì í kọ́ni ní kíláàsì, ṣùgbọ́n tí ó lè sọ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta di òfo láàárín ìṣẹ́jú kan: bí a ṣe ń kó ohùn tí a gbà sílẹ̀ kúrò nínú fóònù bọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ohun tí ó fà á nìyí. Àwa mẹ́ta lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Kétu láti gba àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyá pa àlọ́ méje fún wa pẹ̀lú orin inú wọn, ó sì ń fi bí àwa ọmọ ilé ìwé Faransé ṣe ń gbe orin náà rẹ́rìn-ín. Fóònù ni a fi gbà á, nítorí a kò ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Nígbà tí a padà dé, a ki okùn bọ fóònù, a ki orí kejì bọ kọ̀ǹpútà. Fóònù ń gba iná, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní òun kò rí nǹkan kan. A fà á yọ, a tún kì í bọ̀ ọ́, pàbó ló já sí. Fóònù náà sì ti kún dẹ́múdẹ́mú. Ọ̀kan nínú wa ní kí á pa àwọn àwòrán àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè ṣí. Ọwọ́ ṣì, àlọ́ kan bá àwòrán lọ.

Lẹ́yìn èyí ni a wá jókòó láti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ohun tí a rí kọ́ ni a tò sísàlẹ̀ yìí.

1. Okùn ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Okùn USB 2.0 ní wáyà mẹ́rin nínú: méjì ń gbé iná, méjì ń gbé ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ okùn olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà lójú títì kò ní ju wáyà iná méjì lọ. Fóònù yóò máa gba iná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kankan kò lè kọjá. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Bí a bá fẹ́ mọ̀, kí á fi okùn náà so fóònù mìíràn tí a mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ìyẹn náà kò bá hàn, kí á wá okùn mìíràn. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ èyí tí a ń gbé ka orí tábìlì, kí á lo ihò ẹ̀yìn rẹ̀ dípò ti iwájú, nítorí wáyà tí ó so ihò iwájú mọ́ ẹ̀rọ nínú lè ti dẹ̀. Kí á wo ihò fóònù náà pẹ̀lú: òwú inú àpò ṣòkòtò a máa dí i.

2. Fóònù ti ti ilẹ̀kùn

Láti ìgbà Android 6.0 tí ó jáde ní ọdún 2015, bí a bá so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, iná nìkan ni yóò gbà títí a ó fi fún un láṣẹ. Ìdí rẹ̀ dára: bí a bá gba iná lára kọ̀ǹpútà ẹni tí a kò mọ̀, kò yẹ kí onítọ̀hún lè rí ohun inú fóònù wa. Nítorí náà, kí á kọ́kọ́ fi kóòdù ṣí fóònù. Lẹ́yìn náà, kí á fa ìkéde sílẹ̀ láti òkè ojú rẹ̀, kí á tẹ èyí tí ó sọ̀rọ̀ USB, kí á sì yan «Transfert de fichiers». Nínú ọ̀ràn tiwa, okùn wa dára. Ìyẹn nìkan ni a kò ṣe. iPhone ní tirẹ̀ yóò béèrè bóyá a fọkàn tán kọ̀ǹpútà náà. Bí a kò bá dáhùn, kò ní ṣí.

3. Èdè tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀

Ibi yìí ló dùn mọ́ àwa onímọ̀ èdè jù. Láyé àtijọ́, fóònù a máa fi gbogbo yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀ lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, bí ìgbà tí a bá fi clé USB sí i. Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá dì í mú, fóònù fúnra rẹ̀ kò lè lò ó. Lónìí, ìlànà tí wọ́n ń pè ní MTP ni Android ń lò. Ó dà bí ìyá ọlọ́jà tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀: oníbàárà kì í wọlé. Yóò béèrè, ìyá yóò sì gbé e jáde fún un.

Ohun méjì ló ti ibẹ̀ jáde. Èkíní, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè náà. Windows gbọ́ ọ, àyàfi irú rẹ̀ tí lẹ́tà N wà lára orúkọ rẹ̀, èyí tí a gbọ́dọ̀ fi Media Feature Pack kún. Kọ̀ǹpútà Mac kò gbọ́ ọ fúnra rẹ̀; ó nílò ètò mìíràn. Èkejì, àkọsílẹ̀ ọjà tí ó wà lọ́wọ́ fóònù ni kọ̀ǹpútà ń rí. Ohùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lè má tíì wọ àkọsílẹ̀ náà. Bí a kò bá rí i, kí á má ṣe sọ pé ó ti sọnù: kí á pa fóònù, kí á tún un tàn, kí á tún un so.

4. Bí ọ̀nà okùn bá dí pátápátá

WhatsApp ni gbogbo wa máa ń sá lọ bá. Ẹ ṣọ́ra. Bí a bá fi ohùn ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu, yóò fún un pọ̀, ohun tí ó bá ti dànù nínú rẹ̀ kò sì ní padà. «Document» ni kí á fi ránṣẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni fáìlì yóò ṣe dé bí ó ṣe wà. Bluetooth ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀: ohùn wákàtí kan ní WAV, ní 44 100 Hz, bit 16, ọ̀nà kan ṣoṣo, ń lọ sí nǹkan bíi mégábáìtì 317, ó sì lè gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni clé USB tí orí rẹ̀ wọ inú fóònù tààrà.

Kí á fiyè sí irú fáìlì náà pẹ̀lú. Fóònù kan wà tí ń gba ohùn sílẹ̀ ní 8 000 Hz. Ìdajì rẹ̀ nìkan, ìyẹn 4 000 Hz, ni ohun tí ó ga jù tí a lè rí nínú rẹ̀. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ yóò ṣì hàn nínú Praat, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ s àti ṣ lè pòórá, nítorí òkè níbẹ̀ ni ariwo s pọ̀ sí. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka èdè Ṣábẹ̀ tàbí Kétu mọ ohun tí ìyẹn lè bà jẹ́.

5. Kí á tó pa ohunkóhun rẹ́

«Copier» ni kí á lò, kì í ṣe «Couper». Bí okùn bá já lójú ọ̀nà, ti inú fóònù yóò ṣì wà. Kí á fi ìwọ̀n fáìlì méjèèjì wéra, kí á ṣí ti inú kọ̀ǹpútà, kí á gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin rẹ̀. Kí á ṣe ẹ̀dà kejì sí ibòmíràn. Kí á má fi àmì sí orúkọ fáìlì: ketu_alo_01 tó. Ọ̀nà tí a lè gbà kọ ẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ. Lójú wa ọ̀kan ni wọ́n, lójú ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àlọ́ mẹ́fà ni a fi ṣe iṣẹ́ wa. Nígbà tí a ránṣẹ́ sí abúlé pé a ń padà bọ̀ láti tún gba èyí tí ó kù, wọ́n dá wa lóhùn pé ìyá ti papò dà. A ṣì rántí ìtàn inú àlọ́ náà, ṣùgbọ́n nínú àwa mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó lè kọ orin rẹ̀ bí ìyá ṣe kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí oko ìwádìí lọ́dún yìí, ẹ dán okùn yín wò kí ẹ tó kúrò nílé.